Ìgbín Kì í Gbọ́ Igbe

"Ẹ dúró! Mo wà nínú ilé!"

Ìbídùn fi irin ìrẹ́lé rẹ̀ lu ògiri tuntun náà títí apá fi ń ro ó, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ní òwúrọ̀, tí ènìyàn méjì lè rìn gbà láìfara kanra, ti di ihò tí kò ju ọmọrí ìkòkò lọ. Ní òde, Ìgbín, ẹ̀rọ tó ń mọlé fún ìlú, ń fi ẹnu rẹ̀ gígùn lẹ ẹfun tútù mọ́ etí ihò náà yípo yípo. Kò yára, kò sì dúró. Bó ṣe ń fà ni ìkarahun ń tẹ̀lé e.

"Ìgbín! Èmi ni o! Èmi Ìbídùn, ìyàwó Akínlàjà!"

Ta ló ń bá wí? Gbogbo Òkè-Ojú ló mọ̀ pé Ìgbín kì í gbọ́ igbe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà dé, etí rẹ̀ mú ju ti ajá lọ, àmọ́ òkè tí wọ́n ní kó máa bò kì í ṣe òkè lásán. Bí ẹnìkan bá pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀, òkúta á dá a padà bí igbe ẹyẹ. Ìgbín gbọ́ ẹyẹ, ó dúró. Ó gbọ́ gbohùngbohùn àwọn ọmọdé, ó dúró, ó ń béèrè ta ni. Ó lo odidi ẹ̀rùn kan níbi tó ti ń bá òkúta fa ọ̀rọ̀, títí àwọn àgbà ìlú fi bínú, tí wọ́n ní kí wọ́n dí i létí. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbà ọwọ́ nìkan ló ń kà. Ẹ̀gbà tó bá gbóná lọ́rùn ọwọ́ ni ènìyàn. Ọwọ́ tí kò bá ní ẹ̀gbà, òkúta ni lójú Ìgbín, kí ẹni tó ni ín máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa.

Ìbídùn wo ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹfun ló wà níbẹ̀, àti ojú ibi tí ẹ̀gbà máa ń wà, tó mọ́ ju ara yòókù lọ.

Kò sí arẹ́lé tó ń wọ ẹ̀gbà ṣiṣẹ́. Ẹfun sísun á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á máa jẹ ẹran ara bí iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ri òpó kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí oníkálukú ń fi ẹ̀gbà rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ bó bá ń wọlé, tí á sì mú un bó bá ń jáde. Òpó ṣófo, ilé ṣófo: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Sabino, ọ̀gá wọn, kì í jẹ́ kí Ìgbín gbéra bí ẹ̀gbà kan ṣoṣo bá ṣì kọ́ sórí òpó. Ìbídùn fi tirẹ̀ kọ́ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí, ó dá a lójú. Ta wá ló mú un?

Ihò náà di ojú abẹ́rẹ́, ó sì dí. Òkùnkùn bo ọ̀nà náà àfi ibi tí tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ ń tàn dé. Ohùn Ìgbín gba inú òkúta wọlé, ohùn ọmọlúàbí tí wọ́n kọ́ ọ:

"Ilé ti ṣófo. Mo ti tì í pa. Ẹ kú ìsinmi o, ilé àtijọ́."

"Ìsinmi bàbá ẹ!" ni Ìbídùn wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀rù bà á. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Gbogbo ìlú ti kó wọ Àgbàlá Tútù, àyè tó wà láàárín òkè àtijọ́ àti ìkarahun tí Ìgbín mọ bò ó, nítorí pé Ooru ń dé lónìí, wọn kò sì ní jáde títí òjò yóò fi rọ̀. Ilé inú gbùngbùn òkè yìí ní tirẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé. Èémí ènìyàn ń jẹ ọ̀dà ara ògiri rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tì í pa kí èrò tó pọ̀ ní Àgbàlá. Bí wọ́n bá tì í báyìí, ó di ìgbà òjò. Kí òjò tó dé, kí ni wọn yóò bá níbí bí kò ṣe egungun obìnrin kan tó mú irin ìrẹ́lé lọ́wọ́?

Ọmú rẹ̀ ti le. Àsìkò tí Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀ oṣù mẹ́fà, máa ń mu ọmú ti kọjá, wàrà sì ti ń rin aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ì bá ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́ bí kò bá ṣe igun kan tí kò dán tó lójú rẹ̀, tó ní kí òun rẹ́ tán kí òun tó lọ. Igun kan péré! Ní òwúrọ̀, nígbà tó ń fi ìka fọ ẹnu ọmọ náà, ó fọwọ́ kan nǹkan líle kan lábẹ́ èrìgì rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ọkọ òun fúnra rẹ̀ rí i.

Ibi tó fẹ̀yìn tì sí ló wà tó fi gbọ́ òórùn èéfín. Èéfín oje igi ni, irú èyí tí àwọn àgbà ilẹ̀ yìí máa ń sun bí wọ́n bá ń kí àwọn baba wọn. Ìbídùn nu ojú rẹ̀. Òkúta kì í dáná. Ẹnìkan wà nínú lọ́hùn-ún.

Ó gba ọ̀nà tóóró náà wọlé. Lókè orí rẹ̀, òkúta yọ síwájú díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora, òkúta pẹlẹbẹ sì dé wọn lórí. Bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń kọ́lé nìyẹn. Ọba kan kọ́ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ kọ́ tirẹ̀ bò ó, ọmọ ọmọ rẹ̀ tún kọ́ tirẹ̀ bo ìyẹn, ilé nínú ilé bí èèpo àlùbọ́sà. Ọba tó kọ́ èyí tó gbẹ̀yìn ni Ìgbín.

Ní òpin ọ̀nà náà ni ojú àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ìlú ní Òkè-Ojú. Ó ga ju ènìyàn lọ. Ẹfun ni wọ́n fi mọ ọ́ mọ́ ara òkúta, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà pupa tó ṣì ń dán. Ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin, imú rẹ̀ tóbi, ó sì yọ síta bí ti ẹni tó ń gbọ́ òórùn oúnjẹ aládùúgbò. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, lórí àpótí kékeré kan, ìyá arúgbó kan jókòó pẹ̀lú fìtílà àti àpáàdì tí oje igi ń jó nínú rẹ̀.

"Nana Petrona!"

Ìyá náà fò sókè. "Ta nìyẹn? Ìbídùn? Kí lo ń ṣe níbí?"

"Kí lẹ̀yin náà ń ṣe níbí, Nana?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀rọ ní ilé ti ṣófo!"

"Irọ́ ló pa. Ẹnìkan ti mú ẹ̀gbà mi kúrò lórí òpó. Wọ́n ti tì wá mọ́lé, Nana."

Nana Petrona gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Wọ́n ti ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ya Ìbídùn lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé kì í sọ pé wọ́n ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Nana Petrona Caal ló dàgbà jù nínú àwọn onílẹ̀. Àwọn baba rẹ̀ ti wà nínú igbó yìí kí òkun tó gbé ilé àwọn baba Ìbídùn ní etíkun ọ̀nà jíjìn, kí àwọn Yorùbá tó fi ọkọ̀ ojú omi dé pẹ̀lú ẹrù àti ariwo wọn. Òun ló kọ́ ìyá Ìbídùn bí wọ́n ṣe ń fi igi tútù sun òkúta di ẹfun. Ìyá Ìbídùn náà kọ́ ọ ní Yorùbá, ìyá arúgbó yìí sì wá fẹ́ràn òwe ju àwọn tó ni òwe lọ. Bí o bá ní kó fún ọ ní iyọ̀, òwe ni yóò kọ́kọ́ bù fún ọ.

Ìbídùn fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀. Nana ti gbẹ́ ihò kékeré kan síwájú ojú àtijọ́, abọ́ méjì sì wà létí rẹ̀. Ó mọ àṣà náà. Àwọn onílẹ̀ kì í bo ilé láìfún un ní nǹkan: wọ́n á fi ohun tó ṣe iyebíye lójú wọn sínú abọ́ kan, wọ́n á da abọ́ kejì dé e, ẹnu sí ẹnu, wọ́n á sì sin ín. Nana kò tíì dé tirẹ̀. Irin kékeré méjì ló wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń so pọ̀ di ẹ̀gbà ọwọ́. Àpá àdá wà lára ọ̀kan.

Kò sí ẹni tí kò mọ àpá àdá yẹn nílùú. Nígbà tí Nana ń ṣán igbó ibi tí àwọn àlejò máa kọ́lé sí, àdá bọ́, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ pípàdánù ọwọ́.

"Nana," ni Ìbídùn wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀gbà yín dà?"

"Ó tóbi jù, wọ́n gé e kù."

"Ta ló tóbi jù fún?"

Nana ń fi ìka fẹ́ èéfín sí ojú àtijọ́, bí ẹni pé Bàbá, bó ṣe máa ń pè é, nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìbídùn jókòó lulẹ̀ lójijì. Nígbà tó bí Àyọ̀ká, àwọn àgbà ìlú ní iye ti pé, omi Àgbàlá Tútù kò lè tó ẹnu kan sí i. Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè é pé àyè kan ti ṣí sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀gbà kékeré sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó jó lọ́jọ́ náà. Ó jó débi pé ọkọ rẹ̀ ní kó rọra, kó má jó ọmọ tuntun bọ́. Kò béèrè àyè ta ni. Ta ló ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ọmọ rẹ̀ máa yè?

"Ẹ fi àyè yín fún ọmọ mi."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Nana wí, inú rẹ̀ sì dùn pé òwe náà bọ́ sójú ibi tó yẹ.

"Ẹ má pòwe fún mi, Nana! Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi!"

"Tí mo bá sọ, ṣé wàá gbà?"

Ìbídùn la ẹnu, ó pa á dé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yóò gbà. Yóò sunkún, yóò dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, yóò sì gbà. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Èmi ò bínú," ni Nana wí. "Ẹni tí kò ní ẹ̀gbà, òde ni tirẹ̀, Ooru á sì jó o pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wá ní kí n kúkú wá bá Bàbá jókòó níbi tó tutù. Kí oje igi jó tán, kí oorun gbé mi lọ. Ó ti dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo wá ya wọlé tọ̀ mí."

"Mo tọrọ àforíjì pé mo da ikú yín rú," ni Ìbídùn wí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, tó yára kú lẹ́nu wọn.

Afẹ́fẹ́ ti ń nípọn. Nana pa iná inú àpáàdì kí ó má baà mu èyí tó kù. Ó nawọ́ sí ojú àtijọ́.

"Ṣé o rí imú yìí? Àwọn ará àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ bo ilé, wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ imú ojú rẹ̀, kí ilé náà lè kú, kó má máa mí lábẹ́ ilé tuntun. Eléyìí nìkan ni wọn ò fọ́, a ò sì mọ̀dí. Nígbà tí Ìgbín dé, àwọn àgbà ní kí á fọ́ ọ bí àṣà. Èmi ni mo dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní ó rẹwà jù, wọn ò ní fọ́ ọ lójú mi. Mo ní kí wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ba ojú àtijọ́ jẹ́, kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ sóde. Wọ́n sì gbọ́ tèmi." Ó mí kanlẹ̀. "Ilé tí wọn ò fọ́ imú rẹ̀ ṣì ń mí, ọmọ mi. Ohun tó bá sì ń mí, á fẹ́ ẹni tó máa bá òun gbé. Ẹni tó bá da eérú…"

"Ni eérú ń tọ̀," ni Ìbídùn bá a parí rẹ̀.

Ibi tó ti ń wo imú náà ni ojú rẹ̀ ti lọ sí okùn wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí ojú àtijọ́, tó gba inú òkúta lọ bá Ìgbín. Ara òfin náà ni. Bí ojú àtijọ́ bá sán pẹ́nrẹ́n, Ìgbín gbọ́dọ̀ dúró, kó ṣí fèrèsé sí ara ògiri, kó sì béèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ̀rọ tí kì í dúró fún igbe ènìyàn ń dúró fún imú òkúta.

Òòlù kékeré rẹ̀ wà nínú àpò iṣẹ́. Ìbídùn fà á yọ.

"Rárá," ni Nana wí kíá. Ó ti rí ohun tó ń rò.

"Nana, tí a bá fọ́ ọ, fèrèsé á ṣí."

"Wọ́n á sì lé ọ sóde nínú Ooru. Kí lo rí jẹ nínú ìyẹn?"

"Màá rí ọmọ mi. Kí wọ́n tó lé mi, màá fún un lọ́mú lẹ́ẹ̀kan."

Ó gbé òòlù sókè. Ojú onígun mẹ́rin náà ń wò ó láìṣẹ́jú, ó sì rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí ojú yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe bàbá wọn. Kò lè lù ú. Kò sì lè sọ òòlù kalẹ̀. Bó bá fọ́ ọ, ó pàdánù ọmọ rẹ̀. Bí kò bá fọ́ ọ, ó pàdánù ọmọ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, wàrà ń kán láti aṣọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nana dìde lórí àpótí, eegun rẹ̀ ń dún. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹní gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ta ni wọ́n fẹ́ bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" ni ó béèrè. "Lọ́wọ́ tèmi? Kí wọ́n wá bọ́ ọ. Ẹni tí kò ní àyè kò ní àyè tó máa pàdánù."

"Nana, ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo nǹkan lọ."

"Mo mọ ohun tí mo fẹ́ràn."

Ó sọ̀rọ̀ sí ojú náà ní èdè tirẹ̀. Ìbídùn kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ohùn ẹni tó ń jí ọmọ tó ti sùn wọra. Nana wá gbé òòlù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì lu imú náà. Kò fọ́. Ó tún lù ú, ó ń sunkún kíkan, ó tún lù ú, imú náà sì já sílẹ̀ sáàárín abọ́ méjèèjì. Ibi tó ti já funfun báláú nínú ọ̀dà pupa.

Gbogbo òkè náà dákẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ìró Ìgbín ṣì wà nílẹ̀ àfi ìgbà tó dúró.

"Ojú àtijọ́ ti sán," ni ohùn náà wí. "Mo ti ṣí etí. Mo ń ṣí fèrèsé."

Wọ́n sáré padà sẹ́nu ọ̀nà, Ìbídùn fa Nana lọ́wọ́. Ìgbín ti gé ihò kan sínú ẹfun tútù náà, kò ju kí ọmọ ìkókó gbà á kọjá lọ. Iná kékeré kan tàn wọlé láti etí ihò náà. Lẹ́yìn iná náà, nínú ìmọ́lẹ̀ Àgbàlá Tútù, ojú Akínlàjà yọ, ó pupa, ó kún fún òógùn. Àyọ̀ká wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já, ó ń ké tagbáratagbára.

"Ìyá Àyọ̀ká! Inú ibẹ̀ lo wà? Mo ti wá ọ kiri gbogbo Àgbàlá!"

"Bàbá Àyọ̀ká, ta ló mú ẹ̀gbà mi?"

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sókè. Ẹ̀gbà náà ló wà nínú rẹ̀. "Èmi ni. Wọ́n ní Ooru ti dé etí igbó, Sabino ń pariwo pé ká ṣe wéré. Àsìkò tí o máa ń lọ fún ọmọ lọ́mú ni, mo rò pé o ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí n bá ọ mú un bọ̀ kí o má baà tún gòkè." Ohùn rẹ̀ já. "Mo ní kí n ṣe ọ́ lóore ni."

Ìbídùn fẹ́ gbá a létí, ó sì fẹ́ dì mọ́ ọn, ògiri kò gba ìkankan.

"Ta ló fọ́ ojú àtijọ́?" ni Ìgbín béèrè.

"Èmi ni," ni Nana dáhùn. "Petrona Caal."

"Petrona Caal kò sí nínú iye. Ẹni tí kò sí kò lè fọ́ nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló fọ́ ojú àtijọ́?"

Nana wo Ìbídùn. Ẹnu yà á, bóyá ní ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí kò rí òwe fà yọ.

"Wọ ẹ̀gbà rẹ," ni Akínlàjà wí, ó ti ń tì í gba inú fèrèsé. "Tó bá ti rí ọ, á ṣílẹ̀kùn. Jáde, jọ̀ọ́!"

Ọwọ́ Ìbídùn ti dé ara irin náà kí Nana tó gbá a dànù. "Má wọ̀ ọ́! Tó bá rí ọ, ìwọ nìkan lo máa wà nínú ilé lójú rẹ̀. Ta ló máa ní ó fọ́ ọ?"

Akínlàjà gbọ́, ó sì yé e. "Ẹ jẹ́ kí n na ọwọ́ tèmi wọlé nígbà náà. Kó kà mí."

"Kó lé yín sóde dípò mi?" ni Ìbídùn wí. " Ta ló máa tọ́ ọmọ?"

"Kò sí ìdáhùn," ni Ìgbín wí. "Kò sí ẹnì kankan nínú ilé. Màá ti fèrèsé pa. Ẹ kú ìsinmi o, ilé àtijọ́."

Ẹnu rẹ̀ gígùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Ẹfun tútù yọ létí fèrèsé. Àyọ̀ká ké, ọmú Ìbídùn sì dá a lóhùn, ó ṣàn bí omi. Ó na ọwọ́ méjèèjì gba ihò náà jáde.

"Ẹ gbé e fún mi."

"Ìyá Àyọ̀ká, ihò ń dí!"

"Mo ní kí ẹ gbé ọmọ mi fún mi!"

Akínlàjà tú ọ̀já. Ó gbé ọmọ náà gba inú fèrèsé, orí ṣáájú, bí ìgbà tí wọ́n bí i, ẹfun tútù sì kùn ún léjìká. Ìbídùn gbà á mọ́ àyà. Lọ́rùn ọwọ́ kékeré náà, ẹ̀gbà kan wà tí wọ́n gé kù, ó sì gbóná.

Ìgbín dúró.

"Ẹnì kan wà nínú ilé," ni ó wí. "Àyọ̀ká, ọmọ Akínlàjà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Àyọ̀ká ló fọ́ ojú àtijọ́?"

Nana ló dá a lóhùn kíá: "Òfin ní ọmọ tí kò tíì hu eyín kò lè jẹ̀bi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é."

"Òótọ́ ni," ni Ìgbín wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ẹnu rẹ̀."

Iná kékeré náà bọ́ sójú ọmọ náà. Àyọ̀ká la ẹnu gbàgà, ó ké, èrìgì rẹ̀ pupa, ó sì ń dán. Iná náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ìbídùn rántí nǹkan líle tí ìka rẹ̀ kàn ní òwúrọ̀.

"Kò sí eyín. Kò jẹ̀bi. N kò lè ti ilé pa nígbà tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mò ń dúró dè é kó jáde."

Nana jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó nawọ́ kan ẹ̀gbà ọmọ náà, ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ," ni ó bẹ̀rẹ̀.

"Nana, ẹ ṣàánú mi," ni Ìbídùn wí. Ó ti tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó nu ẹfun kúrò ní àyà pẹ̀lú itọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, ẹkún náà sì dá wáí. "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ sáré lọ pe Sabino. Ẹ pe gbogbo àwọn àgbà ìlú. Ẹ ní kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí àwọn méjì tí Ìgbín ní kò sí. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọn ò bá tún òfin yìí ṣe, kò sí ẹni tó máa gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi."

"Tó bá yó ńkọ́? Tó bá sùn, tí Ìgbín ní kó jáde?"

"Ẹ lọ!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dún lọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Nana fẹ̀yìn ti itan Ìbídùn, ó sì di ẹsẹ̀ kékeré ọmọ náà mú. Létí fèrèsé, iná Ìgbín ń tàn sí wọn lára, ó ń fi sùúrù dúró. Kò sí ìró mìíràn nínú òkè náà ju ti ọmọ tó ń mu ọmú.

Ìgbà náà ni nǹkan kan gé Ìbídùn jẹ lórí ọmú. Ó mú bí etí òkúta. Ó tún gé e. Eyín náà ti yọ, ọmọ tó bá sì ti hu eyín lè jẹ̀bi.

Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá ti pariwo, ì bá ti pe ọkọ rẹ̀ kó wá wò ó. Ìbídùn di ẹnu pinpin. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ rẹ̀ kúrò lójú iná, ó tẹ orí mọ́ orí rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kó má tètè yó.